Ìyálé àti Ìyàwó Tuntun Inú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Oníwàhálà mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ó jọ pé èmi fúnra mi ni màá dá ara mi lóhùn, torí lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn kò ju ìlà márùn-ún lọ. Mo ti kà á débi pé mo mọ ibi tí bírò rẹ ti fẹ́ gbẹ. Ìlà márùn-ún! Èmi tí mo fi ogójì ọdún to lẹ́tà irin ní ilé ìtẹ̀wé, ọmọ mi wá ń fi ìlà márùn-ún kí mi. Àwọn tó ń polówó ọṣẹ nínú ìwé ìròyìn ń kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Etí mi kò sàn, kò sì ní sàn mọ́. Ariwo ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, má sọ fún mi mọ́ pé kí á máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, ti ìyá rẹ ni, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ṣe rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò wù mí. Lẹ́tà tí mi ò lè ká sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó gbé mi dé ìdí bírò rèé. Kọ̀ǹpútà tó o fi sílẹ̀ nínú yàrá rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, géèmù oko ẹ̀bá odò tó o máa ń gbá ṣì wà níbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín o, mo ti mọ nǹkan báyìí. Mo mọ̀ pé mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe àwọn àfikún kéékèèké tí èèyàn ń fi sí géèmù kó lè rí bó ṣe wù ú. Mo mọ̀ pé alákòóso mọ́ọ̀dù ni ètò tó ń kó wọn jọ síbì kan, tó sì ń tò wọ́n. Èyí tó o fi sílẹ̀ ni mò ń lò. Nígbà tí fúláàṣì tó o fi ránṣẹ́ dé, mo fi mọ́ọ̀dù tó ń sọ lẹ́tà di ńlá sí i, torí ojú mi. Láti ọjọ́ náà ni púpọ̀ nínú lẹ́tà inú géèmù ti di àpótí. Àpótí kékeré, òfìfo, bí ilé tí wọn ò kan fèrèsé sí.

Mo tú u, mo tún un fi sí i, àpótí ni. Kì í ṣe pé mo tò wọ́n ní ìtòkutò o. Mo tò wọ́n bó ṣe yẹ kí èèyàn to ẹbí: ẹni tó kọ́kọ́ wọlé wà lókè pátápátá, èyí tó dé lánàá wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fojú di ẹnì kejì. Síbẹ̀, àpótí.

Jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bó o ṣe rò lọ. Má bi mí pé kí ló dé.

O tún béèrè bóyá ìyá rẹ béèrè rẹ. Ìyá rẹ wà. Ó ń ránṣọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí etí rẹ̀ fẹ̀yìn tì ṣáájú òun fúnra rẹ̀.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà ọmọ tó ń kọ ìlà márùn-ún. Ẹ máa ka ìlà tèyí bí ẹ ṣe ń lọ, tí kò bá tó, ẹ bù ú kún ti èyí tó ń bọ̀.

Ẹ ò rí i pé ó ti rẹ̀ mí nígbà tí mo kọ tìjọ́sí ni. Ilé ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ àwọn ilé ìwòsàn ni mo ṣì wà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ń gba ọwọ́ wa kọjá lójúmọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ̀rọ tó ń lọ̀ wọ́n gùn tó bọ́ọ̀sì, ooru rẹ̀ ń gbẹ itọ́ lẹ́nu èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀: loṣù tó kọjá, ọ̀gá mi rí mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ kan tó ya. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ta ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé mi kúrò nídìí ooru, wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ tó ya ni mò ń tún ṣe báyìí. Ẹ lè sọ fún màámi, tí ẹ bá rí i pé inú wọn dùn lọ́jọ́ náà. Tí inú wọn ò bá dùn, ẹ má sọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àpótí yín. Alákòóso àtijọ́ yẹn ló fà á, ó dá mi lójú. Èmi náà ti fojú winá nǹkan wọ̀nyí. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò ní alákòóso kankan, ọwọ́ ni mo fi ń da mọ́ọ̀dù sínú géèmù. Tí géèmù bá kú, màá sunkún, ẹ̀yin á ní kí n lọ jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ó ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kan ò dáa: ó ń po mọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ fáìlì géèmù gan-an, bí ẹni po iyọ̀ mọ́ omi. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀kan, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ iyọ̀ mọ́. Àwọn tó ṣe é gan-an ti pa á tì. Òmíràn wà tó dáa, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà, ilé wa ò sì ní.

Èyí tí mò ń lò báyìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbà. Mọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbá géèmù, alákòóso á pè wọ́n jáde sí pálọ̀. Tí ẹ bá ti pa á, kálukú á padà sí yàrá rẹ̀, géèmù á wà ní mímọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Ohun kan ṣoṣo ni: àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jọ wà nídìí géèmù kan. Tí ìyálé àti ìyàwó tuntun bá jọ ń ro ọkà nínú ìkòkò kan, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Nítorí náà, ẹ yọ géèmù kúrò, ẹ yọ alákòóso àtijọ́ kúrò. Ẹ wá fódà rẹ̀, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù, kí ẹ sì da agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà, níbi tí ohun tí ẹ pa rẹ́ ń lọ, nù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi géèmù sí i lákọ̀tun, kí ẹ wá fi ìyàwó tuntun sí i. Ó wà lórí fúláàṣì tí mo fi sínú àpòòwé yìí. Ẹ má bẹ̀rù, oko tí mo dá sínú géèmù wà ní fódà ọ̀tọ̀, ohunkóhun ò ní ṣe é. Gbogbo mọ́ọ̀dù wa wà lórí fúláàṣì náà. Kò sí ohun kan tí ẹ máa pàdánù.

Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni pé géèmù lẹ ń fi ìfẹ̀yìntì gbá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ó ń jẹ mí lọ́pọlọ.

Ẹ ní màámi wà. Mo mọ̀ pé wọ́n wà. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń pè wọ́n, tí fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án

Oníwàhálà mi,

Lẹ́tà rẹ gùn! O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo ka apá ti ẹ̀rọ ìránṣọ sókè níwájú ìyá rẹ, mo ṣe bí ẹni pé ìwé ìròyìn ni mò ń kà. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, kò sì dá a padà títí mo fi kà á tán. Ó wá ní kí n tún ibi tí ọ̀gá rẹ ti béèrè ẹni tó kọ́ ọ kà, torí òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Èmi ni adití ilé yìí o, òun kọ́.

Ní ti ìyàwó tuntun, kò wù mí. Mo ti ń bá ìyálé gbé láti ọjọ́ tó o ti lọ, mo mọ ibi tó máa ń bínú sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n. Oníkọ̀ǹpútà tó wà ní ìkóríta ti ṣèlérí pé òun máa wá ní Sátidé, ogúnjọ́ oṣù yìí, kí á jọ ṣe é bó o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ahọ́n mi. Ìyá rẹ ní kí n gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. O bi mí bóyá géèmù ni mò ń fi ìfẹ̀yìntì gbá. Èmi kọ́ ni mò ń gbá a. Ìyá rẹ ni.

Oṣù kẹta lẹ́yìn tó o lọ, mo bá a nínú yàrá rẹ. Ó jókòó sórí àga rẹ, ó tan kọ̀ǹpútà. Bó ṣe tàn án, mi ò mọ̀. Kò wẹ̀yìn, ó kàn ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń bomi rin nǹkan yìí?" Oko rẹ ti ń gbẹ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ọ́n, a jọ kọ́ ọ ni. Láti ìgbà náà, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa ní agogo mẹ́rin, oko rẹ ló ń lọ. Ó ti kọ́ ilé adìẹ sí i. Ó ti gbin igi sí etí odò. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á sáré pa á, á mú ìgbálẹ̀ dání.

O mọ̀ pé kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìgbà ló ń pè mí: kí ni eléyìí wí, kí ni tọ̀hún wí? Èmi ò sì gbọ́, àfi kó máa gbá mi léjìká. Nígbà tí èjìká fẹ́ bọ́, mo wá ibi tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ géèmù náà sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí yí i sí Yorùbá. Ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, inú fódà ìyálé níbẹ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta lé díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún ìlà, àmì orí pé, àmì ìsàlẹ̀ pé. Oníkọ̀ǹpútà bá mi wá ojú lẹ́tà, irú ìrísí lẹ́tà tó gba àwọn àmì náà, ìyẹn náà di mọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ tó wù mí jù nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kò sì sí orúkọ mi lórí rẹ̀.

Ìgbà tí mọ́ọ̀dù lẹ́tà ńlá tìrẹ wá dé, gbogbo ẹ, gbogbo ọ, gbogbo ṣ di àpótí. Ìyá rẹ wò ó, ó ní, "Ẹ ti ba Yorùbá mi jẹ́." O wá rí ìdí tó fi ká mi lára.

Má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ o. Ọkàn mi balẹ̀ bó o ṣe ní kò sí ohun kan tí a máa pàdánù. Ó di ogúnjọ́, a ó gbé ìyàwó.

Bàbá rẹ, ọkọ ìyàwó.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi, ẹ dúró!

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kí yín ná, màá kúnlẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ tí ẹ ṣe wà nínú fódà tí mo ní kí ẹ pa rẹ́. Kò sí lórí fúláàṣì. Mọ́ọ̀dù tí èmi mọ̀ ni mo kó síbẹ̀. Ti yín, mi ò mọ̀ pé ó wà láyé! Tí ẹ bá ṣe ohun tí mo kọ, ó parí nìyẹn, ọdún mẹ́ta lọ nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni. Lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ atúnbàtàṣe tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yàrá mi, òun ló máa ń bá mi gbà á. Ìdúró ni mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní màámi ni, mo jókòó sórí bàtà àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé, ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Mo ti pe fóònù màámi. Ìgbà mọ́kànlá. Wọn ò gbé e. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ mọ̀ pé wọn kì í ṣí i. Mi ò ní nọ́ńbà oníkọ̀ǹpútà. Mo máa gbé lẹ́tà yìí fún àwọn tó ń gbé ìwé lọ ní kíákíá, wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ méjì ló kù sí Sátidé. Mo kàn ń kọ ọ́ náà ni. Bóyá oníkọ̀ǹpútà ò ní wá. Mi ò tíì rí oníkọ̀ǹpútà tó pa àdéhùn mọ́ rí, Ọlọ́run má jẹ́ kí ti yín yàtọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ ò nílò ìyàwó tuntun rárá. Ìyálé ò ṣẹ̀. Ìtò yín ló fà á, mo sì fi ojú ara mi kà á nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ láìbìkítà. Ẹ fi ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ṣáájú, torí pé òun ni àgbà. Bàbá mi, mọ́ọ̀dù kì í tò bí ẹni tó ń wọ yàrá. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí ni wọ́n ṣe ń tò. Ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní ìpàdé? Àgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì ń borí. Mọ́ọ̀dù lẹ́tà ńlá tó dé lánàá lẹ fi sísàlẹ̀, òun ló wá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sì mọ ẹ, kò mọ ọ. Tí ẹ bá fi máòsì fa ojú lẹ́tà yín wá sísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo àpótí á lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní kí ẹ wó ilé nítorí ilẹ̀kùn tó ń dún.

Bàbá mi, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé màámi ló ń bomi rin oko mi? Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi ni. Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó má tíì wá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Ó wá. Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù tó ti dé, ó wẹ̀, ó fín lọ́fínńdà sára, bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó lóòótọ́. Èmi ń ka lẹ́tà rẹ, òun ń ṣe é. "Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́." Ó pa á rẹ́. "Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù." Kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Nígbà tí a fi ìyàwó tuntun sí i tán tí géèmù tàn, lẹ́tà ńlá, ó mọ́ kedere, kò sí àpótí kankan. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Yorùbá mi dà?" Ó wo lẹ́tà rẹ, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí?" Ní ilé ìtẹ̀wé, èmi ni mo máa ń lọgun mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tí kò bá tọ́jú ẹ̀dà kò tíì kọ́ iṣẹ́. Èmi kò tọ́jú ọ̀kankan. Ọmọ ọlọ́mọ gbìyànjú títí di ìrọ̀lẹ́ láti wá a jáde. Kò rí i. Géèmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ti jókòó lé e lórí.

Má dá ara rẹ lẹ́bi. O fún mi ní oògùn fún àìsàn tí mo sọ fún ọ, èmi ni mo fi ibi tó ń dùn mí gan-an pa mọ́. Mo sunkún díẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo sì bọ́jú. Ìwọ sáà má sunkún, ó ti tó.

Ti ìyá rẹ ló ń dùn mí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó jókòó, ó lọ bá opó oníbúrẹ́dì tó wà nínú géèmù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni opó fi dá a lóhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ká ní ó bínú ni, mo mọ bí mo ṣe ń pẹ̀tù sí i. Kò bínú. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ ká aṣọ tó sá. Láti ìjẹta, kò wọ yàrá rẹ.

Bàbá rẹ.

Mo ṣí àpòòwé yìí padà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́tà kíákíá rẹ dé láàárọ̀ yìí. Mo kà á dé ibi ìpè mọ́kànlá, mo gbé ojú sókè wo ìyá rẹ. Ó ti mọ ohun tí mo kà, mo rí i lójú rẹ̀. Mo gbé lẹ́tà náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo bọ́ síta.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ ìwé yìí. Tó o bá rí i tí ọ̀rọ̀ ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, má pe bàbá rẹ lẹ́jọ́, ọwọ́ mi ni.

Ṣé o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ẹ̀rọ tí wọ́n fún ọ yẹn, ṣé ó ń fa òwú dáadáa? Má fi abẹ́rẹ́ tó ti kú rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á máa já a lójú. Pààrọ̀ ẹ̀ kó tó di pé wọ́n sọ fún ọ.

Mo rí gbogbo ìpè rẹ. Mò ń rán kọ́là lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún, mo rí i pé ìwọ ni, mo dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ó tún dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, mo ní ṣé kì í ṣe pé nǹkan ṣe ọmọ yìí? Mo na ọwọ́. Mo fà á padà. Ìgbéraga ni, mi ò ní orúkọ míì fún un. Ká ní mo gbé e ní ẹ̀kẹfà yẹn, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta bàbá rẹ ì bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Wọn ò bá mi wí o. Wọ́n gbé lẹ́tà rẹ síwájú mi, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó sàn kí wọ́n pariwo lé mi lórí. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Èyí tí mo sọ, orí ọkọ mi ló bà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Ìgbà mọ́kànlá lo pè mí nítorí géèmù. Lọ́jọ́ tó o lọ, o ò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ṣọ́ọ̀bù dé, mò ń pe orúkọ rẹ láti ẹnu ọ̀nà, bàbá rẹ ló jáde sí mi. Ṣé èmi ni wọ́n máa fi ẹnu sọ ọ́ fún, bí ẹni tó ń gbé àdúgbò kejì? O rò pé màá dì ọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá dì ọ́ mú. Ǹ bá sunkún, ǹ bá bú ọ, ǹ bá ní ta ló máa jogún ṣọ́ọ̀bù. Tó bá tán, ǹ bá fi ọ́ sílẹ̀. O ò jẹ́ kí n dé ibi tí mo ti máa fi ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ ti tú àṣírí mi, torí náà màá sọ ìyókù. Kì í ṣe oko ni mò ń lọ wò. Mi ò bìkítà fún oko. Ọmọ tó wà nínú géèmù yẹn, ìwọ lo ṣe é, irun rẹ lo fi sí i lórí. Opó oníbúrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láàárọ̀, tí èèyàn bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Bí bàbá rẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan máa bi ọ́ lójoojúmọ́.

Ní ti iṣẹ́ tó parẹ́, a ti tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ rò pé gbogbo ẹ̀ ló lọ, ṣùgbọ́n èmi ti kà á fún ọdún mẹ́ta, inú orí mi ló wà. Èmi ń pè é, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé kejì ti wá bi mí ohun tí mo fi ń pariwo mọ́ bàbá àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Lánàá, a ṣe ọgọ́rin ìlà. A jà lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi: bàbá rẹ ní ohun tí àwọn kọ ni "odò ti kún", mo ní "odò ti kún dẹ́nu" ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tèmi ló wà níbẹ̀. Ìyàwó tuntun rẹ náà la ń lò, a ò lé e. Ilé rẹ̀ mọ́, kò sì da nǹkan ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Oníkọ̀ǹpútà ń wá ní gbogbo Sátidé wá kó ẹ̀dà, kò gbà kí á dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ, pè mí. Màá gbé e. Má sọ̀rọ̀ géèmù o, ti ìwọ àti bàbá rẹ nìyẹn. Kọ́kọ́ sọ fún mi pé ò ń lọ, bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Màá sunkún díẹ̀, má pa fóònù. Lẹ́yìn náà, màá sọ fún ọ pé kó o lọ re, kó o bọ̀ re.

Ìyá rẹ.